Èéfín Tọ́bò: Ṣé Tọ́bò Ló Bàjẹ́ Ni, Àbí Ọ́ìlì Ni Kò Rí Ọ̀nà Jáde?

Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wa Golf rẹ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù ní Adó-Èkìtì. Kí ọkọ̀ náà tó dúró, èéfín ti bo gbogbo iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ yẹn kò ní tọ́bò nígbà tí wọ́n ṣe é. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ra tọ́bò tòkunbọ̀, tí wẹ́dà kan bá wọn jó irin rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sì dè é mọ́ ẹ́ńjìnì fúnra wọn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wá tọ́bò mìíràn. Èyí náà ti kú." Tọ́bò kẹta nìyẹn. Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé ó ti kú. Ó na ọwọ́ sí èéfín: "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, sà."

A fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, mo sì sùn lọ sábẹ́ rẹ̀. Rọ́bà tó yẹ kó máa dá ọ́ìlì padà láti inú tọ́bò sínú ẹ́ńjìnì ti sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ̀ kọrọdọ láàárín, ó tún gòkè kó tó wọlé, bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ. A gé e kúrú, a jẹ́ kó lọ tààrà. Kò gbà wá ju wákàtí méjì lọ. Èéfín náà dáwọ́ dúró, tọ́bò tó ní ó ti kú yẹn ló sì ń lò títí dòní. Ohun tó dùn mí ni ti méjì àkọ́kọ́, tó ti gbé fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nǹkan kan kò ṣe wọ́n.

Léraléra ni mo ń rí irú èyí, owó àwọn ọ̀dọ́ tó fi ọwọ́ ara wọn kọ́ nǹkan ló sì ń ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí kò ṣe mẹkáníìkì rí náà lè bá mi lọ.

Kí ni tọ́bò, kí ló sì fẹ́ fi ọ́ìlì ṣe?

Tọ́bò jẹ́ fáànù méjì lórí ọ̀pá irin kan ṣoṣo, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ilé irin sì bo kálukú. Èéfín gbígbóná tó ń ti ẹ́ńjìnì jáde ló ń fẹ́ ti àkọ́kọ́ tó fi ń yí. Bó ti ń yí, ti ìkejì ń bá a yí, nítorí ọ̀pá kan náà ni wọ́n jọ wà. Ti ìkejì yìí ló ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, tó ń tì í wọ inú ẹ́ńjìnì tipátipá. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ sí i, epo tó lè jó á pọ̀ sí i, agbára ọkọ̀ náà á sì ga. Ẹnjiníà ọmọ Switzerland kan, Alfred Büchi, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí èrò yìí lọ́dún 1905, nítorí náà kì í ṣe ohun àná.

Ọ̀pá àárín yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dópin, kì í sábà kọjá 6,000 tàbí 7,000. Bí irin bá ń ha irin ní irú eré yẹn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọn yóò fi jẹ ara wọn tán. Nínú tọ́bò tí a sábà ń rí lọ́jà, ọ̀pá náà kì í fara kan bẹ́árìn tó gbé e dúró. Orí ọ́ìlì ló ń léfòó sí, ọ́ìlì tó tín-ín-rín bí irun orí. Ọ́ìlì yẹn kan náà ló tún ń gbé ooru kúrò lára rẹ̀, nítorí èéfín tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá nínú ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù lè gbóná kọjá 900 lórí òṣùwọ̀n Selsius. Omi tó ń hó lórí iná, 100 péré ni.

Báwo ni ọ́ìlì ṣe ń wọlé, báwo ló sì ṣe ń jáde?

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbẹ̀.

Páìpù méjì ló kan ọ́ìlì tọ́bò. Èyí tó wà lókè ni mo máa pè ní páìpù ìwọlé. Pọ́ǹpù ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń ti ọ́ìlì gba ibẹ̀ wọlé, nítorí náà páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó fún un, tí ihò inú rẹ̀ jẹ́ bíi mílímítà 3 sí 6. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni páìpù ìpadà, tó ń kó ọ́ìlì lọ sínú sọ́ńpù, abọ́ irin tí ọ́ìlì ń sinmi sí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì.

Kò sí pọ́ǹpù kankan tó ń ti ọ́ìlì jáde nínú tọ́bò. Ìwúwo ara rẹ̀ nìkan ló fi ń lọ sílẹ̀, bí omi òjò ṣe ń ti orí páànù wálẹ̀. Ìdí rèé tí páìpù ìpadà fi gbọ́dọ̀ tóbi ju ti ìwọlé lọ dáadáa: ihò inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó bíi mílímítà 16 sí 19. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bi mí pé, "Ṣebí ọ́ìlì tó wọlé náà ló ń jáde, kí ló dé tí páìpù kò dọ́gba?"

Ẹ rántí ẹmu tí adẹ́mu ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ kalẹ̀. Ìfófó rẹ̀ máa ń kún ọrùn kèrègbè, bẹ́ẹ̀ ẹmu tó wà nínú rẹ̀ lè má tó ìdajì. Ọ́ìlì tó ń ti tọ́bò jáde jọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ọ̀pá tó ń yí lálá yẹn ti lù ú pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Ó wọlé ní ọ́ìlì, ó jáde ní ìfófó, ìfófó sì máa ń gba àyè ju ọ́ìlì lọ.

Ṣé síìlì tọ́bò kò lè dá ọ́ìlì dúró ni?

Àwọn èèyàn rò pé rọ́bà kan wà létí ọ̀pá yẹn tó sé ọ́ìlì mọ́ pa. Kò sí. Ríńgì irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀, ó jọ ríńgì písítìn, ẹnu rẹ̀ kò sì pa dé tán. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti má ṣe jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti èéfín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rọ́ wọ iyàrá àárín tí ọ̀pá àti bẹ́árìn wà. Nígbà tí ọ́ìlì bá ń rọ́nà lọ sílẹ̀, ìba tó ń dé etí ríńgì kéré, kò sì ní kọjá. Ṣùgbọ́n bí iyàrá àárín yẹn bá kún fún ọ́ìlì, ríńgì kò lè dá a dúró, bó ti wù kó jẹ́ tuntun tó.

Ẹ wo ìyá tó ń ta epo pupa lọ́jà Erékèsán. Ó fi àrọ sẹ́nu ìgò, ó ń da epo. Bí ẹnu àrọ bá dí nísàlẹ̀, tí kò sì dẹwọ́ dídà, epo á kún àrọ, á sì dà lé e lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé àrọ náà ti jò. Bí tọ́bò ṣe ń da ọ́ìlì sínú ẹgisọ́ọ̀sì tàbí sínú páìpù afẹ́fẹ́ nìyẹn.

Kí ni àwọ̀ èéfín ń sọ fún wa?

Bí èéfín bá dúdú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ funfun bí ooru omi, tí omi ráńdíétọ̀ sì ń dín, omi ń wọ ibi tí kò yẹ. Èyí tó ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́, tó ń ta ojú, ọ́ìlì ló ń jó. Ẹ ṣọ́ra o: ọ́ìlì tó bá kán tààrà sínú ẹgisọ́ọ̀sì gbígbóná lè rú èéfín kíki tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Imú ni kí ẹ fi dá a mọ̀.

Ẹ́ńjìnì tí ríńgì písítìn rẹ̀ ti jẹ náà ń jó ọ́ìlì, nítorí náà ẹ yọ púlọ́ọ̀gì wò. Bí ọ́ìlì bá rin orí púlọ́ọ̀gì, ẹ wo inú ẹ́ńjìnì àti páìpù afẹ́fẹ́ tó ti tọ́bò wá. Bí púlọ́ọ̀gì bá gbẹ, tí inú ẹgisọ́ọ̀sì lẹ́yìn tọ́bò wá tutù fún ọ́ìlì, apá èéfín tọ́bò ló ti ń jò. Ìgbà tó ń yọ èéfín náà tún ń sọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, tí èéfín wá ń yọ ṣáá, tó sì rú gùdù nígbà tí ẹ tẹná sí i, páìpù ìpadà ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.

Níbo gan-an ni páìpù ìpadà ti máa ń ní ìṣòro?

Ibi tí mo ti ń rí i jù ni ibi tí rọ́bà bá ti dẹ̀ bí ti Golf yẹn. Ọ́ìlì á dúró sí kòtò àárín, ìfófó tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rọ́nà. Láti ìdí tọ́bò dé sọ́ńpù, páìpù yẹn gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ ni, kó má gòkè níbì kankan, kódà kó jẹ́ ìwọ̀n ìka kan.

Lẹ́yìn èyí ni gọ́ọ̀mù. Mo ti tú tọ́bò kan tí ẹni tó dè é ti fi gọ́ọ̀mù pupa kún gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí rẹ̀, ohun pẹlẹbẹ tí a ń fi sáàárín irin méjì kí ọ́ìlì má bàa jò, lójú méjèèjì. Nígbà tó di bọ́ọ̀tì, gọ́ọ̀mù náà rọ́ wọ inú ihò, ó sì gan síbẹ̀. Ihò tó yẹ kó gba àtàǹpàkò mi, ìka ọmọńdinrín ló kù tó lè wọ̀ ọ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì gbígbẹ ni kí ẹ lò níbẹ̀, láìfi gọ́ọ̀mù sí i rárá. Kí ẹ sì yẹ gásíkẹ́ẹ̀tì náà wò, nítorí àwọn kan wà lọ́jà tí ihò wọn kéré ju ti tọ́bò lọ. Ihò tí wẹ́dà lu sára sọ́ńpù náà ńkọ́? Páìpù ńlá tí ẹ fi dé orí ihò kékeré, páìpù kékeré náà ni.

Ohun tó kàn ni ibi tí páìpù ti wọ sọ́ńpù. Ó gbọ́dọ̀ ga ju ojú ọ́ìlì lọ. Bó bá wọlé sísàlẹ̀ ojú ọ́ìlì, ọ́ìlì tó wà nílẹ̀ á ti dí ẹnu rẹ̀. Èyí kan àwa Èkìtì gan-an nítorí òkè. Ọkọ̀ lè má yọ èéfín rárá ní Adó, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ nígbà tó bá ń gun òkè láti Aramọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Bí iwájú ọkọ̀ bá gbé sókè, ọ́ìlì inú sọ́ńpù á sún sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni wẹ́dà lu ihò ìpadà sí, ihò tó wà lókè ọ́ìlì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ti rì nìyẹn. Ìdí kan náà ni ọ́ìlì àpọ̀jù nínú ẹ́ńjìnì fi ń fa èéfín. Ẹ má kọjá àmì òkè lára gẹ́ẹ̀jì, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì.

Ẹ wo bí tọ́bò ṣe jókòó pẹ̀lú. Ihò ìpadà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sílẹ̀; bó bá máa yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má kọjá igun dígíríì 35. Kí rọ́bà náà jẹ́ èyí tó gba ọ́ìlì gbígbóná, nítorí rọ́bà omi lásán á rọ̀, á sì lẹ̀ pọ̀ nínú láìjẹ́ pé ìta rẹ̀ fi hàn. Bí tọ́bò bá rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ga ju sọ́ńpù lọ, kò sí ọgbọ́n páìpù tó lè gbà á. Ẹ gbọ́dọ̀ ra pọ́ǹpù kékeré tó ń fa ọ́ìlì padà, tàbí kí ẹ gbé tọ́bò sókè.

Bí ẹ́ńjìnì kò bá lè mí ńkọ́?

Ẹ padà sọ́dọ̀ ìyá elépo yẹn. Nígbà mìíràn, ẹnu àrọ kò dí, síbẹ̀ epo kò lọ. Ó gbé àrọ sókè díẹ̀, atẹ́gùn inú ìgò ráyè jáde, epo sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Atẹ́gùn tó há sínú ìgò ló ń ti epo padà.

Inú ẹ́ńjìnì náà ní atẹ́gùn. Díẹ̀ nínú iná tó ń jó lórí písítìn máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ríńgì sọ̀ kalẹ̀ sínú ibi tí ọ́ìlì wà, tọ́bò sì ń mú kí èyí pọ̀ sí i. Bíríídà ni rọ́bà tó ń gbé e jáde. Bí bíríídà bá dí, tàbí tó kéré jù, atẹ́gùn náà á wá ọ̀nà mìíràn, páìpù ìpadà tọ́bò á sì di ọ̀kan lára ọ̀nà rẹ̀. Ọ́ìlì ń bọ̀ nílẹ̀, atẹ́gùn ń tì í padà sókè.

Àṣìṣe kan wà tó jẹ́ ti ọkọ̀ tí a fọwọ́ ara wa de tọ́bò mọ́. Nínú ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò, bíríídà sábà máa ń gba fáàfù kékeré kan wọ mánífóòlù, irin tó ń pín afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnì, nítorí mánífóòlù máa ń fa afẹ́fẹ́ nígbà gbogbo. Lọ́jọ́ tí ẹ bá de tọ́bò, mánífóòlù yẹn kan náà á máa tì dípò kó máa fà nígbàkúùgbà tí tọ́bò bá ń ti afẹ́fẹ́ wọlé. Bí fáàfù yẹn kò bá lè pa ẹnu dé, tọ́bò fúnra rẹ̀ á máa fẹ́ atẹ́gùn sínú sọ́ńpù. Ẹ fi fáàfù tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo síbẹ̀, kí ẹ sì fún ẹ́ńjìnì ní bíríídà ńlá mìíràn.

Tó bá jẹ́ pé ìwọlé ni ìṣòro wà ńkọ́?

Bí ìpadà kò bá dára, èéfín lẹ máa rí. Bí ọ́ìlì ìwọlé kò bá tó, tọ́bò ló máa kú. Ohun tó ń dí i kì í pọ̀: tépù funfun tí plọ́ńbà ń lò, tó já bọ́ sínú páìpù, gọ́ọ̀mù, ìdọ̀tí nínú bọ́ọ̀tì oníhò tó so páìpù mọ́ tọ́bò, páìpù tó ṣẹ́ lórí ìrìn. Ihò inú páìpù yẹn kéré, èérún tépù kan tó láti dí i. Ẹ má lo tépù yẹn níbikíbi tí ọ́ìlì bá ń gbà.

Ọ́ìlì àpọ̀jù lójú ìwọlé kì í sábà ṣẹlẹ̀ sí tọ́bò oníbẹ́árìn lásán, èyí tí ọ̀pá rẹ̀ ń léfòó lórí ọ́ìlì bí mo ti sọ. Èyí tó ní gólí irin nínú bẹ́árìn rẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ìwọ̀nba ọ́ìlì ló fẹ́, nítorí náà wọ́n máa ń fi irin kékeré tó ní ihò bíi mílímítà 1 sẹ́nu ìwọlé rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín lórí ohun kan. Àwọn kan ń gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi irin oníhò kékeré yìí sí tọ́bò oníbẹ́árìn lásán kí èéfín lè dáwọ́ dúró. Èéfín lè dín kù lóòótọ́, nítorí pé ẹ ti ń fi ebi pa tọ́bò. Láìpẹ́ ọ̀pá rẹ̀ á jó, á sì já. Ẹ má sì dí páìpù ìpadà rárá, nítorí ohunkóhun.

Báwo la ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò láìra nǹkan kan?

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí yanrìn tàbí ẹ̀rọ apaná wà nítòsí, nítorí ọ́ìlì tó bá kán sórí ẹgisọ́ọ̀sì gbígbóná lè gbiná. Kí ọwọ́ jìnnà sí ẹnu fáànù tọ́bò.

Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó. Bí ọ̀rá bá wú bí fèrè tí ọmọdé fẹ́, ẹ́ńjìnì kò rọ́nà mí. Bí èéfín bá sì dín kù nígbà tí ìdérí ṣí sílẹ̀, bíríídà ni kí ẹ mójú tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ tú páìpù ìpadà kúrò lára sọ́ńpù, kí ẹ dí ihò sọ́ńpù, kí ẹ sì jẹ́ kí rọ́bà náà kọjú tààrà sínú garawa mímọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́, ẹ má tẹná sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀kán ẹ̀kán lọ́ìlì ń kán, ìwọlé ti dí. Bí ó bá ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò já, ìwọlé dára. Ẹ má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ, nítorí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń dà jáde yẹn. Ẹ wo gẹ́ẹ̀jì, ẹ dá a padà, kí ẹ tó tún ṣe é. Bí èéfín bá ń lọ sílẹ̀ nígbà tí ọ́ìlì ń wọ garawa, tọ́bò yín kò bàjẹ́. Ọ̀nà àti tọ́bò dé sọ́ńpù ló ní àléébù. Ẹ ní sùúrù níbẹ̀ o, torí ọ́ìlì tó ti dà sínú ẹgisọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ á ṣì máa jó fún ìgbà díẹ̀. Ọ́ìlì tí kò bá wúlò mọ́, ẹ má dà á sí gọ́tà. Omi Ureje la jọ ń lò.

Ìgbà wo ni tọ́bò bàjẹ́ lóòótọ́?

Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ yọ páìpù afẹ́fẹ́, kí ẹ di orí ọ̀pá mú. Bó bá ń mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ẹ má bẹ̀rù, àyè tí ọ́ìlì ń wà ni. Bó bá ń lọ síwá sẹ́yìn tí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n, tàbí tí abẹ́ fáànù ń ha ara ilé irin, ó ti bàjẹ́. Àní nígbà náà, ẹ wá ohun tó pa á kí ẹ tó ra òmíràn.

Kí la máa ṣe kí tọ́bò tuntun tó ṣiṣẹ́?

Ẹ má jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ lórí tọ́bò gbígbẹ. Ẹ da ọ́ìlì mímọ́ sẹ́nu ìwọlé, kí ẹ fọwọ́ yí fáànù títí ọ́ìlì á fi kárí. Ẹ yọ wáyà tó ń gbé iná lọ sí púlọ́ọ̀gì àti èyí tó ń mú kí epo wá, kí ẹ ta kọ́kọ́rọ́ títí iná ọ́ìlì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù á fi kú. Kí ẹ wá dá wáyà padà, kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìtẹná.

Bí ẹ bá sì ti gun òkè Ẹ̀fọ̀n dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ má pa ẹ́ńjìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Bí ẹ bá pa á lójijì, pọ́ǹpù ti dúró, bẹ́ẹ̀ irin ṣì ń gbóná. Ọ́ìlì tó kù nínú tọ́bò á jó mọ́ ara ọ̀pá, á di èédú líle, èédú yẹn sì lè dí ọ̀nà ọ́ìlì lọ́jọ́ kan.